Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Yọ Òpó Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà nínú èdè Yorùbá tí mo máa ń fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀: òpó ọkọ̀, ìgbòkun àti ìdákọ̀ró. Àwọn tí wọ́n dàgbà sí ilé ìjọsìn máa ń dá wọn mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé inú Bíbélì ni wọ́n ti pàdé wọn, nínú ìwé Aísáyà àti Ìsíkíẹ́lì àti nínú ìtàn bí ọkọ̀ ṣe rì mọ́ Pọ́ọ̀lù lábẹ́. Àwọn yòókù a máa wò mí lójú. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, Samuel Àjàyí Crowther, kò kọ́ nípa ọkọ̀ onígbòkun láti inú ìwé. Ní ọdún 1821 ni wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e dé Freetown. Ó rí òpó ọkọ̀ ó sì rí ìgbòkun lọ́nà tí àwa tí a ń fi bàálù káàkiri ayé kò lè gbà rí wọn láéláé.

Ṣùgbọ́n ogún tí àwọn atúmọ̀ náà fi sílẹ̀ fún wa kò kan iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Òkun tí Pọ́ọ̀lù là kọjá kì í dì, ọ̀sà Èkó náà kò dì rí. Kò sí ohun tó mú kí ẹnikẹ́ni béèrè ní èdè wa pé, bí adágún omi bá le bí òkúta fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, níbo ni ọkọ̀ onígbòkun yóò wà, kí ni a ó dà bò ó, kí sì ni yóò gbé ohun tí a dà bò ó dúró bí òpó rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ mọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní ọdún 2018. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ọ̀rọ̀ káfíńtà lásán ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọkùnrin àgbàlagbà kan ni, àti ohun kan ṣoṣo tí wọn kò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àárín adágún méjì ni ọkàn ìlú náà wà, Mendota ní ìhà kan, Monona ní ìhà kejì. Mendota ni ó tóbi jù. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà onígun mẹ́rin. Láti àwọn ọdún 1850 ni àwọn ará ìlú náà ti ń kọ ọjọ́ tí yìnyín bá bo adágún náà sílẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọjọ́ tí ó bá ṣí. Ní ìgbà òtútù 1880 sí 1881, ọjọ́ 161 ni yìnyín fi wà lójú rẹ̀. Ní ti 2001 sí 2002, ọjọ́ 21 péré ni. Kò sí ẹni tó mọ irú ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà, nígbà tí ewé bá ti ń pọ́n lórí igi ní oṣù kẹwàá, oníkálukú a gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjì. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, yìnyín ni a ń pe gbogbo rẹ̀: èyí tó ń bọ́ pẹ̀lú òjò líle, èyí tó wà nínú fìríìjì, àti èyí tó ń bo ilẹ̀ lókè òkun. Bíbélì Yorùbá ya èyí tó ń rọ̀ wẹ́wẹ́ bí òwú sọ́tọ̀, ó pè é ní òjò dídì. Ìyàtọ̀ náà wúlò fún mi níbí. Òjò dídì ni n ó máa pe èyí tó ń rọ̀, yìnyín sì ni omi tó ti dì gbagidi. Ẹni tó ní ọkọ̀ láti bò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀tá kan náà. Ìwúwo ni ti èkíní. Lílà ni ti èkejì.

Aládùúgbò mi ni ọlọ́kọ̀ náà. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé ní 80 ọdún. Ní ìlú wọn, orúkọ gan-an ni ọmọdé fi ń pe àgbà. Ahọ́n mi kò gbà á, nítorí náà Bàbá ni mo ń pè é láti ọjọ́ kìíní, títí tí ìyàwó rẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo jẹ́ kí ó máa fi "o" bá mi sọ̀rọ̀, kí èmi sì máa fi "ẹ" dá a lóhùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dún létí mi nìyẹn.

Ọkọ̀ rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 27, ìyẹn mítà mẹ́jọ ó lé díẹ̀, ó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà ní kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì. Ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá láti ibi tí wọ́n ń gbé, wọ́n ní ó tó àkókò láti ta ọkọ̀ náà. Wọn kò ṣe é níkà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Bàbá kò jiyàn púpọ̀. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n fún òun di oṣù kẹrin tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá la ìgbà òtútù já láìbàjẹ́, tí òun náà sì là á já, kí wọ́n wá bá òun sọ ọ́ nígbà náà. Èyí ọmọbìnrin gbà. Èyí ọmọkùnrin ní kò burú, ṣùgbọ́n bí omi bá fi lè wọ inú rẹ̀ lọ́dún yìí pẹ́rẹ́n, òun yóò pe àwọn tó ń ra ọkọ̀ àlòkù.

Lọ́dọọdún, òpó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni Bàbá máa ń lò. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ gbé òpó náà wálẹ̀, wọn a dá a dùbúlẹ̀ gbọọrọ láti orí irin tó wà ní imú ọkọ̀ dé orí irin tó wà ní ìdí rẹ̀, wọn a fi àtẹ̀gùn igi kan tì í lágbedeméjì kí ó má baà tẹ̀, wọn a sì da tapólì bò ó. Òpó tó ń gbé ìgbòkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a di igi àárín òrùlé nígbà òtútù. Mo fẹ́ràn ètò náà púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ òpó kalẹ̀ ní ọdún tí mo ń wí yìí, wọ́n rí i pé ó ti la díẹ̀ níbi tí àwọn apá rẹ̀ méjèèjì ti so mọ́ ọn. Ó ní láti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, kò sì ní dé títí di ìgbà tí yìnyín bá tó ṣí. Báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ láìní ohunkóhun lórí, tí ọlọ́kọ̀ kò sì lè gòkè tọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí òtútù ni a ṣe ń bo ọkọ̀. Òtútù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tí a fi fáíbà ṣe ní nǹkan kan. Omi ni a ń sá fún. Omi tó bá wọ ihò tín-ín-rín lẹ́bàá bóòtù kan a dì níbẹ̀, bí omi bá sì dì, ó ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ihò náà a di ńlá. Bí ó bá yọ́ ní ọ̀sán, omi mìíràn a tún wọ ihò tó ti fẹ̀ náà, a tún dì ní òru. Ibi tí àwọn awakọ̀ ń jókòó sí ní ihò tí omi ń gbà jáde. Bí ewé bá dí i, ibẹ̀ a di agbada, omi a sì wá ọ̀nà wọ inú yàrá ọkọ̀ lọ. Nítorí náà, ìbòrí tó dára ní iṣẹ́ méjì: kí ó má jẹ̀ẹ́ kí omi dúró, kí afẹ́fẹ́ sì máa kọjá lábẹ́ rẹ̀ kí èébu má baà hù.

Kò tán síbẹ̀, nítorí pé ìbòrí tí a fi dí omi lè fúnra rẹ̀ di ewu. Bàbá, olùkọ́ ìṣirò, mú bébà ó fi hàn mí lórí tábìlì ìdáná wọn. Gba ìbòrí náà ní mítà 8 ní gígùn, mítà 3 ní ìbú: 24 mítà onígun mẹ́rin. Jẹ́ kí òjò dídì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 rọ̀ sórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tó gbẹ, tó fẹ́lẹ́, tí mítà onígun mẹ́rin kan sí òkè rẹ̀ kò ju kìlógíráàmù 100 lọ, ẹrù náà jẹ́ kìlógíráàmù 720. Bí ó bá jẹ́ èyí tó tutù, tó wúwo, tó tó 300, ẹrù náà di 2,160.

"Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tìrẹ wúwo tó mélòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n?" ni ó bi mí.

Mo ní, "Kò tó bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ṣé o rí i? A kò lè kọ́ ohun tí yóò gbé e. Ohun tí kò ní jẹ́ kí ó jókòó ni a ó kọ́."

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. N ó dé ibẹ̀.

Ní ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, mo rìn yí ká láti wo bí àwọn tí wọn kò ní òpó lọ́wọ́ ṣe ń ṣe tiwọn. Àwọn kan na okùn láti imú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, wọ́n sì da tapólì lé e. Ó rọrùn, ó sì burú. Bí ó ti wù kí a fa okùn le tó, kò sí bí a ó ṣe gbé ẹrù lé àárín rẹ̀ tí kò ní tẹ̀. Bí a bá sì ṣe ń fẹ́ kí ó tẹ̀ kéré tó ni agbára tí a ó fi fà á ṣe ń pọ̀ sí i láìlópin. Ìgbà tí ó bá tẹ̀ díẹ̀, tapólì a di igbá, igbá a gba omi, omi a fà á wálẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn tẹ páìpù oníke bí ọrun, wọ́n fi ṣe ẹgbà kọjá lórí ọkọ̀. Ìyẹn wuyì ní oṣù kẹwàá. Òtútù líle a máa sọ irú páìpù bẹ́ẹ̀ di ohun tó ń fọ́ bí àwo, mo sì rí àwọn tó ti ṣẹ́ ní ọdún tó kọjá tí wọ́n ṣì wà nílẹ̀ nínú koríko. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó pe àwọn tó ń fi iná sún ọ̀rá funfun mọ́ ọkọ̀ lára títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ ìlù. Ó mọ́, kò sì sí ìjì tó lè tú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó; ní ìparí ìgbà òtútù wọ́n á fi ọ̀bẹ ya á, wọ́n á sì kó o dànù. Bàbá kò fẹ́. Ó ní òun kò fi ọ̀rá wé ẹran rí, kí òun tó wá fi wé ọkọ̀.

Níbi tí mo ti wá, ní Èkìtì, bàbá bàbá mi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ òrùlé kí páànù tó gbòde. Ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò ní ilẹ̀ igbó. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn lọ́hùn-ún ní apá Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni. Ewé àti koríko kì í ṣe ohun tó ń dí omi bí páànù ṣe ń dí i. Ohun tó ń gba ilé lọ́wọ́ òjò ni pé òrùlé náà ga, ó sì dagun, tó fi jẹ́ pé omi kò ní àyè láti ronú kí ó tó dé ilẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwòrán kọ̀bì ààfin àtijọ́ yóò mọ ohun tí mo ń wí: bí wọ́n ṣe gùn lọ sókè yẹn kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Àwọn baba wa kò rí òjò dídì rí, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí Bàbá sọ lórí tábìlì ìdáná ni àwọn kọ́lékọ́lé Èkìtì náà ń sọ, pé òrùlé tó dára kì í ru òjò, ńṣe ni ó ń lé e lọ. Òrùlé gan-an, bí gbogbo wa tí a kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ṣe mọ̀, orí àti ilé ni a pa pọ̀ tí ó fi di bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá kò ní orí. Mo sọ èyí fún un, ó sì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣàlàyé bí fáwẹ̀lì ṣe ń jẹ ara wọn báyẹn. A fi wákàtí kan ṣòfò lórí rẹ̀. Èmi kò kà á sí òfò.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá jókòó sórí àga nísàlẹ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, ó ń pàṣẹ. Èmi àti ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 13 tí ìyá rẹ̀ ń gbé wá ní ọjọ́ Sátidé, ni a wà lórí ọkọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí òpó àgbà yóò dúró sí. Ojú ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Fáíbà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, tó lè tẹ̀ bí a bá gbé ẹsẹ̀ igi kan ṣoṣo tó ru ẹrù lé e. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sókè.

"Ibo ni òpó ọkọ̀ máa ń dúró sí?"

Mo fi hàn án. Àwo irin kan wà níbẹ̀ tó ṣófo.

"Wọ inú yàrá lọ, kí o wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an."

Mo wọ inú lọ. Òpó mìíràn ni mo bá níbẹ̀, tó nípọn, tó lọ tààrà láti àjà yàrá náà dé orí irin wúwo tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, èyí tí ọkọ̀ ń fi dúró ṣinṣin nínú omi. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ irú èyí mọ̀ pé òpó ìta yóò máa tẹ ojú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ ìgbòkun, nítorí náà wọ́n fi òpó inú gbà á. Bí òpó ìta bá lọ, ti inú wà níbẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ojú ọkọ̀ ti lágbára jù lọ. Àyè tí òpó tó ń ṣàìsàn fi sílẹ̀ náà ni a gbé òpó àgbà ti òrùlé wa sí.

A fi pákó tí àwọn káfíńtà wa ń pè ní tú-báì-fóò ṣe igi àárín, a gbé e dúró ní òró rẹ̀ kì í ṣe ní pẹlẹbẹ rẹ̀, a sì kan pákó méjì mọ́ oríkèé rẹ̀ ní ọ̀tún àti lósì. Òpó mẹ́ta ni ó gbé e: ti àárín tí mo ti sọ, ọ̀kan níbi ìjókòó àwọn awakọ̀, ọ̀kan ní iwájú. Lábẹ́ àwọn méjì ìkẹ́yìn yìí a tẹ́ pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀, kí ẹrù lè tàn ká, a sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sábẹ́ pákó náà. A kò kan ìṣó kankan mọ́ ọkọ̀ lára. Okùn ni a fi so ohun gbogbo, nítorí pé ohun tí a so ṣeé tú.

Láti igi àárín yìí ni a ti na igi mẹ́fà sí ọ̀tún àti mẹ́fà sí òsì, wọ́n sì dagun tó ìwọ̀n 45. Mo ń wá ohun tí n ó pè wọ́n. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ wí pé ó dà bí egungun ẹja ńlá. Nítorí náà a pe igi àárín ní ọ̀pá ẹ̀yìn, a sì pe àwọn yòókù ní ìhà. Ìsọlórúkọ náà mú iṣẹ́ yá gan-an: "Ìhà kẹta lósì ti yẹ̀" kúrú ju gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Orí ìhà kọ̀ọ̀kan tó kọjá etí ọkọ̀ ni a fi bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí a la bò, kí igun pákó má baà lu tapólì. Ọ̀gá ọ̀tá tapólì kì í ṣe òjò dídì. Igun ni. Ìjì a máa fi gbé e lura títí ilẹ̀ á fi mọ́, ibi tó bá sì ti kan ohun mímú ni yóò ti ya.

Nípa dídì tapólì mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá sọ nígbà mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀, tó sì tún sọ nígbà tí a ń ṣe é lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ kò dá dúró. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìtí igi, ṣùgbọ́n irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó ń tì í ní ẹ̀gbẹ́ kí ó má ṣubú. Bí a bá so okùn tapólì mọ́ àwọn irin náà, ìjì tó bá gbọn tapólì yóò máa gbọn irin náà pẹ̀lú, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì rìn kúrò nídìí ọkọ̀. Ọkọ̀ a ṣubú. Nítorí náà, abẹ́ ọkọ̀ ni okùn gbọ́dọ̀ gbà láti ọ̀tún sí òsì. Níbi tí okùn kò lè dé, a fi kẹ́ẹ̀gì tí a rọ yanrìn sí rọ̀ sí etí tapólì, kì í ṣe omi, nítorí pé omi a dì, a sì la kẹ́ẹ̀gì. Ní imú àti ní ìdí ọkọ̀, a fi ojú sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ó tó ohun tí ènìyàn lè gbà wọlé bí ó bá tẹ̀ ba.

Ìgbà òtútù náà kò fi wá ṣeré. Ní òpin oṣù kìíní ọdún 2019, òjò dídì púpọ̀ rọ̀, lẹ́yìn èyí ni òtútù kan dé láti àríwá tó mú gbogbo àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, tó fi jẹ́ pé ní Madison ó lọ sí ìwọ̀n tó lé ní 30 Celsius lábẹ́ òdo. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tì. Bàbá pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò dídì náà rọ̀, kí òtútù tó dé gan-an. Kò ní kí n lọ. Ó kàn ń bi mí bóyá mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dún. Mo mọ ohun tó ń béèrè. Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn, mo mú ìgbálẹ̀ gígùn àti tọ́ọ̀ṣì, mo wakọ̀ lọ sí ọgbà náà ní ìrọ̀rùn.

Àwọn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ dúró bí òkìtì ìsìnkú. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n na okùn ti wọlé sínú ara wọn. Nígbà tí mo dé ìdí tiwa, mo kọ́kọ́ rí òkìtì òjò dídì méjì gbọọrọ nílẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, níbi tí ó ti yọ́ bọ̀rọ́ wá láti orí òrùlé. Lórí òrùlé fúnra rẹ̀, kò ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ. Mo fi ìgbálẹ̀ kan án nísàlẹ̀ díẹ̀, èyí tó kù náà sì wá. Mo gba ojú ìdí ọkọ̀ wọlé, mo dúró lóòró, ohun tí n kò lè ṣe rí nígbà tí òpó ọkọ̀ wà ní ìdábùú níbẹ̀, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn ìhà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbẹ. Mo fọwọ́ kan òpó àgbà, kò mì. Inú rẹ̀ dákẹ́ bí inú ilé tí àwọn onílé ti sùn. Mo pe Bàbá láti ibẹ̀.

"Báwo ni?"

"Ó jókòó dáadáa, Bàbá. Òjò dídì náà ni kò rí àyè jókòó."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fọhùn. Ó wá ní, "Lọ sílé. Ìyàwó rẹ yóò bá mi jà."

Ní oṣù kẹrin, a ṣí ìbòrí náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ wá. Ó wọ inú ọkọ̀ lọ, ó gbé gbogbo pákó ìsàlẹ̀ yàrá sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ kan ibi gbogbo, ó tún fi imú gbóòórùn. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí pé kò fi ojú gbà á. Ó rí ibi kan ṣoṣo tí tapólì ti ha fáíbà lẹ́bàá imú, tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí ó jáde, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ tí èmi kò sún mọ́ láti gbọ́. Wọn kò tà á ní ọdún náà. Òpó ọkọ̀ padà dé ní oṣù karùn-ún, wọ́n gbé e dúró, Bàbá sì wọ adágún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ìgbà mẹ́rin, ó jókòó, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń fa okùn.

Nígbà tí a ń tú òrùlé náà palẹ̀, Bàbá ní kí n fi yíǹkì kọ nǹkan sí ara igi kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo béèrè bóyá kí n fi nọ́ńbà kọ ọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni a fi kọ́ ọ, kí n fi Yorùbá kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn gbogbo, láti imú ọkọ̀ lọ sí ìdí: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, ọ̀tún àti òsì. Wọ́n to wọ́n sínú gáréèjì rẹ̀.

Ìbàdàn ni mo wà ní oṣù kẹwàá ọdún náà, fún ìsinmi iṣẹ́ ìwádìí. Fóònù mi dún lọ́wọ́ alẹ́. Ọmọ náà ni. Òpó ọkọ̀ wà níbẹ̀ lọ́dún yìí, ó ní, ṣùgbọ́n Bàbá kò fẹ́ ẹ ní ìdábùú mọ́, òrùlé yẹn ni ó fẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pàṣẹ láti orí àga. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ni èyí tó ṣáájú nínú àrún àti ẹ̀rín. Mo ní kì í ṣe ẹ̀rín, ẹ̀rin ni, kí ó má gbé ohùn sókè ní ìparí rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bọ́ sí i. Mo wá sọ fún un pé òun ló ṣáájú, pé ẹ̀yìn òpó àgbà ni kí wọ́n gbé e sí.